Owó Orí àti Ìjọba Ìbílẹ̀ Abẹ́òkúta

Àwọn kan gbà pé òyìnbó ló kó ìjọba ìbílẹ̀ wá. Ti Abẹ́òkúta kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, Ògbóni ló ń dá ẹjọ́ ìlú, Pàràkòyí ló ń mójú tó ọjà. Ní 1865, G. W. Johnson àti àwọn Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń gba owó lórí ẹrù tó ń jáde nílùú. Ní 1898, láyé Aláké Gbádébọ̀ Kìíní, Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀. Ó ní kóòtù, ó ní àpò owó tirẹ̀. Owó oníbodè ló sì ń wọlé sí i jù.

Ní oṣù kẹjọ 1914, àwọn sójà yìnbọn fún àwọn ará Ìjemọ̀, àdúgbò kan l'Abẹ́òkúta. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, òmìnira Ẹ̀gbá dópin. Lugard, gómìnà àgbà òyìnbó fún Nàìjíríà, gbé agbára lé Aláké lọ́wọ́, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ló dùn mí jù: ọba tó ti ń bá ìlú gbìmọ̀ di ẹni tí òyìnbó ń ti lẹ́yìn láti pàṣẹ.

Ní 1918, wọ́n fi owó orí dípò owó oníbodè. Nítorí rẹ̀ ni Ogun Àdúbí ṣe bẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹfà. Àwọn èèyàn hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè. Àwọn sójà ìjọba ṣẹ́gun wọn, owó orí náà kò sì lọ.

Àwọn obìnrin náà ń san án, lórúkọ ara wọn, láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Síbẹ̀, kò sí ẹyọ obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Ọ̀ràn yìí ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyálọ́jà gbé dé ààfin Aké ní 1947. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló jókòó síbẹ̀, tọ̀sán tòru. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀. Ìparí ọdún 1950 ló tó padà. Wọ́n yọ owó orí kúrò lọ́rùn obìnrin, mẹ́rin nínú wọn sì wọ ìgbìmọ̀ tuntun.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti 1952 ló mú káńsù tí aráàlú ń dìbò yàn wá. Àtúnṣe 1976 sọ ètò ìjọba ìbílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà di ọ̀kan náà. Lónìí, Aké ni olú iléeṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta wà, ládùúgbò tí àwọn obìnrin yẹn jókòó sí.