Ìjókòó Rírọ̀ Kọ́ Ló Ń Mú Kẹ̀kẹ́ Tura

Ẹni tó bá ti ní òun ń wá kẹ̀kẹ́ tí òun á máa fi gbafẹ́, tí òun á jókòó sí ṣánṣán láìtẹ̀ba, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún un: "Wá èyí tí ìjókòó rẹ̀ tóbi, tó sì rọ̀." Á fi àtàǹpàkò tẹ ìjókòó wò, ìjókòó á rì wọlé, ó parí, ó ti sanwó. Ó máa ń dùn mí, torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń pa kẹ̀kẹ́ tì nígbà tó bá yá, á ní ara òun ò gba gígun kẹ̀kẹ́.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó ṣánṣán, ìwúwo tí ọwọ́ ì bá bá a gbé ti padà sórí ìdí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjókòó irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ máa fẹ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ eré ìje lọ. Kó fẹ̀, ó dáa. Rírọ̀ yẹn ni mi ò gbà.

Ẹ jókòó sórí àga onígi, kí ẹ ki àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìdí. Ẹ máa bá eegun méjì níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwọn la fi ń jókòó, wọ́n sì lágbára láti gbé wa. Ẹran ara tó wà láàárín wọn ni kò lè ṣe é, ibẹ̀ sì ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí ojú ara gbà kọjá. Lórí ìjókòó tó le níwọ̀nba, eegun méjèèjì á dúró, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹran àárín yẹn gbé ẹrù. Lórí fóòmù tó nípọn tó sì rọ̀, eegun á rì bí ẹsẹ̀ ṣe ń rì sínú ẹrẹ̀, fóòmù á wá ru sókè láàárín, á máa tẹ ibi tí kò yẹ kí ohunkóhun tẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ á dùn. Lẹ́yìn náà, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kò ní mọ nǹkan kan lára mọ́. Kí wá ni onítọ̀hún máa ń ṣe? Á lọ ra ìbòrí mìíràn tó tún rọ̀, á fi lé e lórí.

Fífẹ̀ náà ní ìwọ̀n, kì í sì í ṣe títóbi ara la fi ń mọ̀ ọ́n. Eegun ìdí ẹni tó sanra lè sún mọ́ra ju ti ẹni tó tín-ín-rín lọ. Ẹ tẹ́ páálí sórí ibi tó le, ẹ jókòó lé e, ẹ gbé orúnkún sókè díẹ̀, kí ẹ sì dìde. Ojú ibi méjì á tẹ̀ wọnú. Ẹ wọn àárín ọ̀kan sí àárín èkejì. Ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ẹ̀yìn ìjókòó gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n yẹn, kó sì ṣẹ́ kù díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Ohun tí mi ò sì kì í gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ràn yìí ni gíga ìjókòó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ráhùn pé ìjókòó le, tiwọn ló lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n fẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jókòó, kí wọ́n má baà ṣubú. Mi ò bá wọn wí fún ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ìjókòó bá wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, orúnkún á ká jù, ẹsẹ̀ ò ní lè ti pẹ́dàlì dáadáa, ìwúwo tí títì yẹn ì bá gbé kúrò lórí ìdí á sì dúró síbẹ̀. Fóòmù wo ló fẹ́ tún ìyẹn ṣe? Ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kí ẹsẹ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé e, orúnkún á ká ní nǹkan bíi dígírì 25 sí 35. Bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ bọ́ síwájú kúrò lórí ìjókòó, kí ẹ tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gbà á, kẹ̀kẹ́ wà tí wọ́n gbé pẹ́dàlì rẹ̀ síwájú, bíi Townie ti ilé iṣẹ́ Electra: ẹsẹ̀ á nà dáadáa, á sì tún kanlẹ̀. Òkè ló máa ń ṣòroó fi gùn, torí kò rọrùn láti dìde dúró lórí pẹ́dàlì rẹ̀.

Táyà náà ń kọ́? Kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Faransé láwọn ọdún 1860, igi tí wọ́n fi irin dè ni ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé ìjókòó rẹ̀ sórí irin pẹlẹbẹ gígùn kan tó ń fì. Síbẹ̀, ó ń gbo àwọn tó ń gùn ún jìgìjìgì. Táyà oníafẹ́fẹ́ tí John Boyd Dunlop ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Belfast, tó sì gba ìwé àṣẹ lé lórí lọ́dún 1888, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Táyà tó fẹ̀ tó mìlímítà 45 sí 50, tí wọn ò fẹ́ le bí òkúta, ń ṣe ju ìjókòó olówó ńlá lọ. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára táyà fúnra rẹ̀.

Mi ò sọ pé kí gbogbo èèyàn lọ jókòó sórí pákó. Ẹni tí kì í gùn ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ìjókòó rírọ̀ lè tó o. Sípíríǹgì abẹ́ ìjókòó náà yàtọ̀ sí fóòmù, ó sì lè wúlò fẹ́ni tó jókòó ṣánṣán, torí tààrà ni gbígbò ilẹ̀ ń gba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ìdí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á sì ro ó lọ́jọ́ mélòó kan, ìjókòó yòówù kó lò. Ríro yẹn kò burú. Kíkú ni kí ẹ má fojú fò: bí ojú ara tàbí àárín itan bá ń kú lemọ́lemọ́, ẹ tún ìjókòó tò kó tẹ́jú, kí imú rẹ̀ má yọrí sókè, tí kò bá sì lọ, ẹ pa ìjókòó náà dà. Bí ẹ bá sì ń gbé ìjókòó ga, ẹ wo ìlà tí wọ́n fín sára ọ̀pá rẹ̀. Tí ìlà yẹn bá ti yọ síta, ọ̀pá náà ti kúrú fún yín, ó sì lè dá tàbí kó ba fíréèmù jẹ́. Ọ̀pá tó gùn jù ú lọ ni kí ẹ rà.