Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni tòlótòló ṣẹ̀ tí Ààrẹ Amẹ́ríkà fi dárí jì í?

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kọkànlá bá ti ń lọ sópin, ìròyìn á jáde pé Ààrẹ Amẹ́ríkà ti dárí ji tòlótòló. Ní 2024, Peach àti Blossom ló kàn. Àwọn tó gbọ́ ọ nílé wá ń wo ara wọn lójú.

Kí ni wọ́n ṣe gan-an?

Wọn ò ṣe nǹkan kan. Tòlótòló ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń pa jẹ nígbà Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, Ààrẹ á wá fi ẹ̀fẹ̀ dá díẹ̀ sí. George H. W. Bush ló sọ ọ́ di àṣà ní 1989. Àwọn yòókù ò rí ẹni bẹ̀bẹ̀ fún wọn.

Ṣé òun náà ni ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa?

Rárá, ìsinmi ìjọba ni. Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í lọ síbì kankan ló ń ṣe é. Ìkórè tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe ló jọ ọ́ díẹ̀.

Kí ló dé tí ọjọ́ rẹ̀ ń yí?

Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Kọkànlá ni, ó lè bọ́ sí ọjọ́ 22 títí dé 28. Ìjà ló gbé e débẹ̀. Sarah Josepha Hale, olóòtú ìwé ìròyìn, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé sí ààrẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, kí Lincoln tó gbà ní 1863, lójú Ogun Abẹ́lé, pé kí Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1939, Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn bọ́ sí ọjọ́ 30. Àwọn oníṣòwò ké sí Ààrẹ Roosevelt pé ọjà Kérésìmesì ò ní pẹ́ tó, ó sì fà á sẹ́yìn sí ọjọ́ 23. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé e, àwọn kan fárígá. Texas ṣe méjèèjì, àwọn ló gbọ́n jù. Òfin 1941 tó mú Ọjọ́bọ̀ kẹrin ló parí ẹjọ́ náà.

Ti Kánádà ńkọ́?

Ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù Kẹwàá.

Ṣé òótọ́ ni pé òyìnbó àti onílẹ̀ jọ jẹun níbẹ̀rẹ̀?

Wọ́n jẹun, ní Plymouth, ní Massachusetts, ní 1621, fún ọjọ́ mẹ́ta. Edward Winslow tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé Massasoit, ọba àwọn Wampanoag tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ibẹ̀, kó nǹkan bí 90 ọkùnrin wá, wọ́n sì pa àgbọ̀nrín márùn-ún wá síbi àsè. Ṣùgbọ́n ní 1675, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó àti Metacom, ọmọ Massasoit yìí kan náà, ó sì run àwọn onílẹ̀ púpọ̀. Láti 1970 ni àwọn kan nínú wọn ti ń péjọ sí Plymouth lọ́jọ́ ọdún yìí láti ṣọ̀fọ̀. Bí aládùúgbò yín kan ò bá bá wọn ṣe é, ẹ má pè é ní aláìmoore.

Wọ́n pe ọmọ mi síbi oúnjẹ náà. Kí ni kó gbé dání?

Kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó pè é. Nílé ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà níbẹ̀, jọ̀lọ́ọ̀fù ń bá tòlótòló jókòó lórí tábìlì. Bó bá jẹ́ ilé òyìnbó, kó rọra bu ata sí i.

Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Òróró gbígbóná ni. Bí tòlótòló bá ṣì ní yìnyín nínú tí wọ́n jù ú sínú agbada, òróró á ru bolẹ̀, iná á sì gbà á. Kí wọ́n jẹ́ kó yọ́ pátápátá nínú fìríìjì, ọjọ́ mélòó kan ni ìyẹn ń gbà, kí wọ́n sì dín in níta, jìnnà sí ilé.

Owó tí wọ́n ní àwọn fi ránṣẹ́ ò tíì dé.

Báńkì wọn ò ṣí lọ́jọ́ náà. Ẹ ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n.