Awò awọ̀nàjíjìn X-ray kì í tan nǹkan kan sára ìràwọ̀

Bí èèyàn bá gbọ́ pé awò awọ̀nàjíjìn kan wà lójú òfuurufú tó ń fi X-ray wo ìràwọ̀, ilé ìwòsàn ni ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ. Yóò rò pé awò náà ń tan X-ray sára ìràwọ̀, pé ìtànṣán yẹn ń gba inú rẹ̀ kọjá, àti pé báyìí làwọn onímọ̀ ṣe ń rí ohun tó wà níkùn rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa pàápàá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Gbígbà nìkan ni iṣẹ́ awò wọ̀nyí. Àwọn nǹkan tó wà lọ́hùn-ún fúnra wọn ló ń tú X-ray jáde, pàápàá àwọn tó gbóná dé mílíọ̀nù dígírì lọ sókè: gáàsì tó ń yí po kó tó kó sínú black hole (ohun tí òòfà rẹ̀ lágbára débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀), àjókù ìràwọ̀ tó bú gbàù, gáàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó kún àárín àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó wà pọ̀. Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan fẹ́ gbìyànjú ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn, ó lé ní ọdún 4 kí ìtànṣán tó dé ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn. Bó bá sì débẹ̀ ńkọ́? Nílé ìwòsàn, aláìsàn wà láàárín, ẹ̀rọ tó ń tan X-ray wà níwájú, ohun tó ń gbà á sílẹ̀ wà lẹ́yìn. Ta ni yóò lọ dúró sẹ́yìn ìràwọ̀?

Gbòǹgbò àṣìṣe yìí ni èrò pé kò sí ohun tí X-ray kì í là kọjá. Tó bá jẹ́ pé gbogbo nǹkan ló ń là kọjá ni, òfìfo ni àwòrán tí dókítà máa rí. Eegun dá a dúró ju ẹran ara lọ, ìdí nìyẹn tí eegun fi hàn. Afẹ́fẹ́ náà ń dá a dúró. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó wúwo tó tọ́ọ̀nù 10, bí ìgbà téèyàn bu omi tó jìn tó mítà 10 lé e lórí. X-ray tó ti rin ìrìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún dé ọ̀dọ̀ wa, inú afẹ́fẹ́ yẹn ló ń parí sí, inú mi sì dùn pé bẹ́ẹ̀ ló rí, nítorí X-ray tó ń ti ara oòrùn wá pàápàá wà lára ohun tó ń dá dúró fún wa. Nítorí náà, ẹni tó gbé awò X-ray gun orí òkè tó ga jù láyé kò tíì ṣe nǹkan kan.

Àfìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì dé. Ní June 18, 1962, onímọ̀ físíìsì Riccardo Giacconi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yin rọ́kẹ́ẹ̀tì kan láti White Sands ní Amẹ́ríkà. Òṣùpá ni wọ́n ń lé: wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìtànṣán oòrùn máa ń mú kí ó tú X-ray jáde. Ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lò lókè afẹ́fẹ́, ohun kan tó jìnnà ré kọjá oòrùn ló ń tàn yòò, èyí tí a wá mọ̀ sí Scorpius X-1. (Òṣùpá náà hàn níkẹyìn: sátẹ́láìtì ROSAT ya X-ray rẹ̀ ní 1990, apá tí oòrùn ń tàn sí ló mọ́lẹ̀.) Ní December 12, 1970, wọ́n yin sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tó wà fún iṣẹ́ yìí nìkan láti orí òkun létíkun Kẹ́ńyà, ní àyájọ́ òmìnira orílẹ̀-èdè náà, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Uhuru, ìyẹn òmìnira lédè Swahili. Giacconi gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2002.

Ìbéèrè tó kù ni bí dígí ṣe lè mú X-ray. Bí X-ray bá kọlu dígí lójúkojú, ńṣe ni dígí á gbé e mì. Ṣùgbọ́n wá tábìlì kan tí ojú rẹ̀ dán díẹ̀. Bí o bá wò ó látòkè, pákó lásán lo máa rí. Bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú tábìlì dọ́gba, kí o wá wo fèrèsé tó wà lódìkejì: fèrèsé náà á hàn lórí pákó. Ohun tó bá fẹ̀gbẹ́ yọ́ wá lé ojú dídán, ó máa ń ta padà. Onímọ̀ físíìsì Arthur Compton fi hàn ní 1923 pé X-ray náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí igun rẹ̀ bá ti kéré tó. Ní 1952, Hans Wolter ará Jámánì ṣírò bí a ṣe lè to irú ojú dídán bẹ́ẹ̀ méjì tẹ̀ léra kí àwòrán tó mọ́ lè jáde. Awò tí a fi ń wo ohun tíntìntín ló ní lọ́kàn. Giacconi àti Bruno Rossi ló dá a lábàá ní 1960 pé irú dígí bẹ́ẹ̀ lè wo ojú ọ̀run.

Ìdí nìyí tí dígí awò X-ray kò fi jọ àwo. Ó jọ páìpù gbọọrọ, inú rẹ̀ ni wọ́n dán. X-ray á gba ẹnu rẹ̀ wọlé, á ta lára ìdajì iwájú, á tún ta lára ìdajì ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á pàdé lójú kan. Nínú Chandra, awò X-ray ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé lọ sókè ní July 1999, mítà 10 ni ibi ìpàdé yẹn wà sí dígí, igun tí X-ray fi ń ta kò sì pé dígírì kan. Ohun tí páìpù kan lè gbà kò pọ̀, ni wọ́n bá ń ti ọ̀kan bọ inú èkejì. Méjì-méjì mẹ́rin ni ti Chandra, gíláàsì nípọn tí wọ́n fi irídíọ̀mù bò, tí wọ́n dán débi pé gbágungbàgun ojú rẹ̀ kò ju átọ̀mù mélòó kan lọ. XMM-Newton ti ilẹ̀ Yúróòpù ní awò mẹ́ta, dígí 58 tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi wúrà bò ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń kó X-ray jọ ju Chandra lọ, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kò mú tó ti Chandra. Èmi ò rò pé ọ̀kan ju èkejì lọ: ohun tí a fẹ́ wò ló máa sọ èyí tó yẹ.

Ní August 1999, Chandra ya Cassiopeia A, àjókù ìràwọ̀ kan tó bú gbàù, tó jìnnà tó ìrìn ọdún 11,000 fún ìmọ́lẹ̀. Láàárín rẹ̀ gan-an ni ẹyọ ohun kan ti tàn tẹ́nì kankan ò rí rí: ọkàn ìràwọ̀ tó wó lulẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni X-ray ń dé sórí ẹ̀rọ inú Chandra, ẹ̀rọ náà sì ń ṣàkọsílẹ̀ àkókò tó dé àti agbára tó gbé wá. Látinú agbára yẹn ni wọ́n ti ya sílíkónì, imí ọjọ́ àti irin sọ́tọ̀ nínú àjókù náà. Àwọ̀ tó wà lára àwòrán tí à ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn onímọ̀ ló fi kún un, kí ojú wa lè mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn.