Ìdáàbòbò àwọn igi tó ń ṣọ̀wọ́n nínú igbó ìjọba ní Àríwá Nàìjíríà

Igbó ìjọba ni ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin yà sọ́tọ̀ kí igi àti ẹranko inú rẹ̀ má baà tán. Ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè, bíi ti Adágún Kainji ní Ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara, wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀. Lára igi ọ̀dàn tó nílò ààbò jù níbẹ̀ ni apá, ọ̀gànwó, igi òrí àti èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní madobiya.

Gẹdú ló kọ́kọ́ kó bá madobiya. Wọ́n gé e ṣọwọ́ sí Ṣáínà lọ́pọ̀lọpọ̀, débi pé lọ́dún 2016 CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tó ń ṣọ̀wọ́n, fi í sára igi tí kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ibodè láìsí ìwé àṣẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, CITES ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù dáwọ́ ríra rẹ̀ láti Nàìjíríà dúró.

Ewu kejì kì í tètè hàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá ti gbẹ, àwọn darandaran a máa gun apá, ọ̀gànwó àti madobiya láti gé ẹ̀ka wọn fún màlúù. Igi náà kò ní kú, á tún rúwé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń gé lọ́dọọdún kì í fi bẹ́ẹ̀ so mọ́. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á rò pé igbó ṣì wà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọmọ igi kankan lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀ṣọ́ igbó máa ka ọmọ igi pẹ̀lú àgbà igi. Iye àgbà igi nìkan a máa tanni jẹ. Ti ọ̀gànwó tún le sí i, nítorí èèpo rẹ̀ tí wọ́n ń bó fún àgbo ibà. Bí wọ́n bá bó o yíká, igi náà á gbẹ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè jinná.

Gbígbìn ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kóró apá dúdú, ó sì ní fìlà pupa rẹ́súrẹ́sú nídìí. Wọ́n á yọ fìlà náà, wọ́n á rẹ kóró sómi mọ́jú kí wọ́n tó gbìn ín. Kóró òrí kì í dúró: èyí tí wọ́n bá ti sá gbẹ kò ní hù mọ́, tútù ni kí wọ́n gbìn ín. Gbòǹgbò rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlẹ̀ jìnnà kí ewé tó yọ, torí náà ọ̀rá ìgbin-igi tí kò bá jìn á ká gbòǹgbò náà kò. Ọ̀gànwó kò fẹ́ kí wọ́n gbin òun nìkan lọ́gbà. Ìdin kòkòrò Hypsipyla robusta á gbẹ́ ọ̀mùnú rẹ̀, igi á pín sí ẹ̀ka méjì-mẹ́ta, kò ní ga gbọọrọ mọ́. Àárín igi mìíràn ni kí wọ́n fọ́n ọn ká sí.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù ni iná. Iná oṣù kejì àti ìkẹta a máa jó ọmọ igi run pátápátá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó mọṣẹ́ a máa sun igbó díẹ̀díẹ̀ ní oṣù kọkànlá, nígbà tí omi ṣì wà lára koríko tí iná kò sì lè ga, wọ́n á sì ti kọ́kọ́ ro ìdí ọmọ igi kọ̀ọ̀kan yípo.