Ẹ Fọwọ́ Yí Igi Làbẹlàbẹ Wò Ná

Ìyá kan tó ń gbin ìrẹsì ní àkùrọ̀ lẹ́bàá Ìgbẹmọ-Èkìtì na ọwọ́ sí mi lọ́jọ́ kan. Ìlà tín-ín-rín mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé ó ti gé mi, àfìgbà tí mo ki ọwọ́ bọ omi." Bí làbẹlàbẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Abẹ wà nínú orúkọ rẹ̀, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Etí ewé rẹ̀ ló ń gé èèyàn. Tí ẹ bá gbé ewé kan sójú oòrùn, ẹ ó rí eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn. Sílíkà, èròjà inú yanrìn tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, ni ewéko náà ń fà látinú ilẹ̀ tó fi ń mú eyín yẹn le.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń pè é ní koríko, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìran eèsún tàbí bẹẹrẹ. Ìbátan ọ̀fìo ni, òun àti ewéko tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ń ṣe ìwé. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí igi rẹ̀: kò ní yí gbirigbiri, igun mẹ́ta ni ọwọ́ yín yóò bà. Ẹ gé e, inú rẹ̀ dí. Ti ìrẹsì, ihò ni. Àpò tí ewé fi di igi mú náà yàtọ̀. Ti ìrẹsì là níwájú, èékánná lásán lè ṣí i. Ti làbẹlàbẹ dì yíká, àfi kí ẹ fà á ya. Èso rẹ̀ sì funfun, ó ń dán bí eyín ọmọdé.

Kí ló kàn yín nínú èyí? Owó oògùn ni. Oògùn apakoríko kan wà tó jẹ́ pé ìran eèsún nìkan ló ń pa. Mo mọ ẹni tó fọ́n ọn lẹ́ẹ̀mejì, tí làbẹlàbẹ kàn ń wò ó níran. Níbi tí omi àkùrọ̀ bá sì ti ń ṣàn lọ síbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, mi ò tilẹ̀ fẹ́ kí ẹ fọ́n ohunkóhun.

Ọkọ́ ni mo fara mọ́. Tí ẹ bá fi àdá bẹ́ ẹ lórí, tàbí tí ẹ dáná sun ún, èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yóò tún rú. Ẹ wú u nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, kí ẹ sá gbòǹgbò rẹ̀ sóòrùn. Ẹ̀wù alápá gígùn àti bọ́ọ̀tù ni kí ẹ wọ̀. Tó bá gé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi àkùrọ̀. Kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn.

Èyí tó wà ní bèbè odò ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni mo fẹ́ sọ yìí. Mo sọ fún ọ̀dọ́kùnrin kan pé kó wú gbogbo rẹ̀ títí dé ẹnu omi. Nígbà tí òjò wọlé dáadáa, bèbè wó, ebè ẹ̀fọ́ mẹ́ta bá omi lọ. Gbòǹgbò yẹn ló ti ń di ilẹ̀ mú látọjọ́ yìí. Ó ti ń hù padà báyìí, mo sì ní kó má fọwọ́ kàn án.

Ó wò mí títí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wú u o."