Kí ló dé tí scan fi ń pẹ́ tó báyìí nílùú Ọba?

Dókítà ní kí n lọ ṣe MRI orúnkún, ìyẹn scan tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara. Oṣù kan ti kọjá, n ò tíì rí lẹ́tà gbà. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn ni, ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ á ti ṣe tiẹ̀ tán. Ṣé wọn ò ní ẹ̀rọ níbí ni?

Wọ́n ní i, kò kàn tó. Àmọ́ ẹ wò ó: ní Ìbàdàn, ẹni tí ò lówó ò sí lórí ìlà rárá, báwo ni ìlà ṣe máa gùn? Ní NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba nílùú Ọba, aláìsàn tó ń gbé níbí kì í sanwó nídìí ẹ̀rọ, torí náà gbogbo ẹni tí dókítà bá kọ̀wé fún ló ń dúró. MRI kan sì lè gba ìṣẹ́jú 15 sí 90.

Ẹni tá a jọ rí dókítà lọ́jọ́ kan náà ti ṣe tiẹ̀. Ṣé ó mèèyàn níbẹ̀ ni?

Rárá o. (Ibẹ̀ lọkàn wa máa ń kọ́kọ́ lọ.) Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe jẹ́ kánjúkánjú tó ni wọ́n fi ń pe èèyàn, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ẹni tí wọ́n bá fura pé ó ní jẹjẹrẹ, ní England, ó yẹ kó gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láàárín ọjọ́ 28. Orúnkún á ní láti dúró dè é.

Ọ̀sẹ̀ mélòó ló wá yẹ kí n dúró?

Mẹ́fà ní England, mẹ́jọ ní Wales. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í sì bá a. Ọjọ́ tí wọ́n bá ya àwòrán ni wọ́n ń ka ọ̀sẹ̀ ọ̀hún dé, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́ èsì. Ilé ìwòsàn á ní òun ti ṣe tòun, ẹ̀yin ò sì tíì mọ ohun tó ń ṣe yín. Èyí ò dáa lójú tèmi.

Kí ló tún ń dá èsì dúró nígbà tí wọ́n ti yà á?

Ọ̀tọ̀ lẹni tó ń yà á, ọ̀tọ̀ ni dókítà tó ń kà á. Orúnkún kan ṣoṣo lè mú àwòrán tó lé ní ọgọ́rùn-ún wá. Dókítà yìí á wò wọ́n, á fi wọ́n wé ti tẹ́lẹ̀ bó bá wà, á kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí dókítà yín. Àwọn tó mọṣẹ́ yìí ò tó nǹkan, ẹgbẹ́ wọn sì ń pariwo rẹ̀ lọ́dọọdún. Èèyàn lè ra ẹ̀rọ lọ́dún kan, àmọ́ ẹni tó ti di dókítà ṣì máa kọ́ṣẹ́ àwòrán kíkà fún bí ọdún márùn-ún sí i.

Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ pe ọ́fíìsì tó ń dá ọjọ́ scan nílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ìwé yín dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ sọ fún wọn pé bí ẹnì kan ò bá wá, kí wọ́n pè yín, ẹ máa tètè débẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè rán yín lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ibùdó àyẹ̀wò àdúgbò tí wọ́n ń dá sílẹ̀ láti 2021. Bí irin bá wà lára yín, tàbí ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́, ẹ tètè sọ ọ́, kí wọ́n má baà dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ ò hàn. Ilé ìwòsàn ni lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pa ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín jẹ, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ yín látorí òdo.

Bó bá sì ń le sí i, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Òun ló lè yí ìwé yín sí kánjúkánjú.