Mítà Ò Tíì Débẹ̀

Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, ọkọ̀ mẹ́ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi tí abẹ́rẹ́ mítà ìsáré wọn ti sùn sórí òdo. Ọ̀dọ̀ réwáyà, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ni gbogbo wọn ti ń bọ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ti ra bátìrì tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni bátìrì fẹ́ ṣe fún abẹ́rẹ́ mítà Peugeot 504? Iná kọ́ ló ń gbé e. Kébù, okùn irin tó ń yí nínú awọ rẹ̀, ló ń yí i láti ìdí gíà bọ́ọ̀sì. Ti Volkswagen ìjàpá tún yàtọ̀: ojú táyà iwájú lọ́wọ́ òsì ni kébù rẹ̀ ti ń bọ̀, píìnì kékeré kan ló dè é mọ́ ìdérí gíríìsì. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bíárìn níbẹ̀, ẹ lọ bi ẹni tó ṣe é níbi tó ju píìnì sí.

Ẹ yọ kébù lẹ́yìn mítà, kí ẹnì kan ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀. Bí okùn inú rẹ̀ bá ń yí, mítà ló ń ṣàìsàn. Bí kò bá yí, kébù ló já, tàbí kí eyín gíà tó ń yí i ti jẹ. Ó tán.

Bí ẹ ṣe máa to kébù tuntun gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kò fẹ́ kọ̀rọ̀ tó mú. Níbi tó bá ti ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ á ti máa gbọ̀n jìnnìjìnnì, ibẹ̀ náà ni yóò ti já. Gíríìsì ńkọ́? Ẹ fi pa okùn inú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi apá tó sún mọ́ mítà sílẹ̀ ní gbígbẹ, torí kébù tó ń yí a máa fa gíríìsì gòkè. Nínú mítà, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan ló ń yí nínú ife alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn kì í fara kanra. Gíríìsì bá dé àárín wọn, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, abẹ́rẹ́ á fò lọ sókè nígbà tí ẹ ṣì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Àwọn kan á da ọ́ìlì dúdú sí i. Àwọn kan á gé kébù dànù torí pé ó ń ké. Mo tún gbọ́ pé bí mítà bá dúró lójijì, ọkọ̀ ń bèèrè ajá Ògún. Ògún tí mo mọ̀, alágbẹ̀dẹ ni. Ó mọ ohun tí gíríìsì ń ṣe.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé 504 wọn wá, ẹ́ńjìnnì ń dún gbò-gbò-gbò bí ẹni ń gúnyán. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì jáde, ó dúdú bí ọ̀dà títì. Mo ní, “Bàbá, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn?” Inú bí wọn. Wọ́n yọ ìwé kékeré kan jáde: iye tó wà lójú mítà lọ́jọ́ náà rèé, 5,000 kìlómítà tí wọ́n rò mọ́ ọn rèé. “Ó ku ẹgbẹ̀rún méjì ó lé. Mítà ò tíì débẹ̀.”

Mítà tó ti dúró láti ọdún méjì sẹ́yìn! Kébù kan náà ló ń yí abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà tó ń ka ọ̀nà. Bó bá já, àwọn méjèèjì jọ lọ ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti kú, pé etí làwọn fi ń mọ eré tí àwọn ń sá.

Ọ́ìlì tó ti gbó yẹn ti jẹ́ kí bíárìn inú ẹ́ńjìnnì jẹ, ó ti ha kíráńkì, ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, lára. A tú ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n pè mí: “Injínníà, bí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ má fọwọ́ kan mítà yẹn o. Iye tó wà níbẹ̀ ni mo ti kọ sínú ìwé.”